Lẹ́tà tí mo bá àwọn ìyá ṣọ́jà kọ

Ìwé kẹfà ni mo wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà tí ogun Ojúkwu parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́, mo sì lè jókòó pẹ́, bí àwọn obìnrin àdúgbò ṣe sọ mí di akọ̀wé wọn nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ mi náà mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n ìyá tí kò rí ọmọ ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tán bọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù sì ń dúró dè wọ́n ní pápá. Mo bá wọn kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ológun títí mo fi jáde ní ilé-ìwé módà. N kò gbọ́ ìró ìbọn kan rí ní gbogbo àkókò yẹn. Ìdí lẹ́tà ni mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ nípa ogun.

Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967, ọmọ ogun Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tó fi máa parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ilé bíi tiwa ni wọ́n ti kó àlékún yẹn: télọ̀, ọmọ iṣẹ́ kafíńtà, ẹni tó ka ìwé mẹ́fà tí kò ríṣẹ́, ẹni tí bàbá ẹ̀ kò tíì pín oko kòkó fún. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wọn níbọn yíyìn. Ohun tó lé àwọn tiwa lọ ni pé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Benin, wọ́n sì ń bọ̀ títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ kò sì jìnnà sí Èkìtì. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń ké tọ̀sán-tòru, àwọn kan ti ń di ẹrù. Títí dòní, bí nǹkan bá le fún àgbàlagbà, ẹ ó gbọ́ tó máa ní "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀". Àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun wá sí Adó, àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé wọn.

Àbúrò bàbá mi wà lára wọn. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é. Télọ̀ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ó ní òun kò ní í pẹ́ níbẹ̀, owó tí òun bá rí lòun á fi ra máṣíìnì ìránṣọ tó jẹ́ ti òun. Bàbá mi ò fẹ́ kó lọ. Yèyé, ìyá wọn, kò ní kó lọ, kò sì ní kó má lọ; ó ṣáà ní kó jẹun kó tó jáde.

Lẹ́tà ẹ̀ ń wá, owó a sì máa bá a wá nígbà mìíràn. Ìyàwó ẹ̀ ló ń kó àwọn lẹ́tà náà sínú agolo bísíkíìtì. Nígbà tó di ọdún 1969, a ò rí lẹ́tà mọ́. Ẹnìkan tí wọ́n jọ lọ padà dé lẹ́yìn ogun, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé bọ̀, ó ní Owerri lòun ti rí i kẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti gba Owerri ní 1968, ṣùgbọ́n àwọn Biafra yí wọn ká mọ́bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí wọ́n fi já ara wọn gbà jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1969. Ọkùnrin yìí ní òun ò mọ̀ bóyá Bọ̀ọ̀dá wà lára àwọn tó jáde. Àwọn èèyàn ń lọ bá a nílé, wọ́n ń mú ẹmu dání, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kan náà lórí ọmọ tiwọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí oníkálukú fẹ́ gbọ́. N kò dá a lẹ́bi. Àmọ́ ó pa àwọn kan lára, torí pé ẹni tó ti fẹ́ gbà pé ọmọ òun kú tún padà sílé lọ fọ aṣọ ọmọ náà sílẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń wá kọ lẹ́tà, ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti oko dé ni wọ́n máa ń wá. Wọn á ra bébà onílà, wọn á ra sìtáǹbù, wọn á jókòó sórí àpótí. Wọn ò ní í kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọmọ wọn. Ọ̀gá ológun ni wọn á kọ́kọ́ kí: ṣé wọ́n jíire, ṣé àwọn ìyàwó wọn ń bẹ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fojú sunkún ọmọ. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi a sì kọ ìlà mẹ́rin, nítorí pé tíṣà ti kọ́ mi: orúkọ, ìlú, ọdún tó wọṣẹ́, ìgbà tí wọ́n gbúròó ẹ̀ kẹ́yìn. Bí mo bá kà á sí wọn létí, wọ́n á ní kò tíì tó. "Kọ ọ́ pé ó ní àpá ọkọ́ ní ojúgun òsì." "Kọ ọ́ pé kì í jẹ ẹran ewúrẹ́." "Bí wọ́n bá pè é tí kò dáhùn, ní kí wọ́n ki oríkì ẹ̀, á dáhùn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwọ̀nyẹn sẹ́yìn bébà ní Yorùbá, bóyá ọmọ Yorùbá kan á wà lọ́fíìsì wọn.

Obìnrin kan wá láti Afàò pẹ̀lú bàtà onírọ́bà tí ọmọ ẹ̀ fi sílẹ̀. Ó na òwú funfun láti gìgísẹ̀ bàtà náà dé ọmọ-ìka, ó gé e, ó ní kí n fi sínú lẹ́tà. Ó ní àwọn tó bá rí i, kí wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ ẹ̀, bó bá ṣe déédéé, òun náà ni. Ó gé òwú kejì, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Mo ká ti àkọ́kọ́ sínú bébà, mo fi ẹ̀bà lẹ àpòòwé náà pa. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkùnrin tó gbà á tẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní òwú ni. Kò bi mí nǹkan mìíràn.

Bí èsì bá wá (kì í sábà wá), ohun kan náà ni wọ́n máa ń béèrè: nọ́ńbà ṣọ́jà yẹn dà? Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lára àwọn ọmọ ogun kò lóǹkà, bí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ wò. Àwọn ìyá kò mọ nọ́ńbà. Ìyàwó ló mọ̀ ọ́n, torí pé ara lẹ́tà ló wà, ìyàwó ni wọ́n sì kọ lẹ́tà sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti kọ̀wé, ìyá ṣọ́jà àti ìyàwó ṣọ́jà kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn. Èkejì ló ní kí ọmọ lọ, èkejì ló gbowó ẹ̀ jẹ, èkejì ni kò sunkún tó. Nítorí náà ìyá á wà ní yàrá iwájú tó ń wá nọ́ńbà, nọ́ńbà á wà ní yàrá ẹ̀yìn nínú agolo.

Bó ṣe rí nílé tiwa náà nìyẹn. Gbogbo ilé ń pe ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ní Ìyàwó Ṣọ́jà. Kò tíì bímọ kí ọkọ ẹ̀ tó lọ. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn àgbà ilé pèpàdé, wọ́n ní obìnrin kékeré kò gbọdọ̀ ṣòfò báyìí, kí àbúrò ọkọ ẹ̀ kan ṣú u lópó. Yèyé jókòó títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá bi wọ́n pé: "Ta ló kú?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ìpàdé tú.

Ẹ wò ó dáadáa. Opó ní ọ̀nà tí à ń gbà ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀. Á ṣọ̀fọ̀, á bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, á wà nílé ọkọ tàbí kó lọ síbòmíràn, kò sẹ́ni tó máa bú u. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ wà láyé náà ní ọ̀nà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkọ ẹ̀ kò kú tí kò yè, kò sí ohun tí àṣà wa ṣe sílẹ̀ fún un. Kò lè ṣọ̀fọ̀, wọ́n á ní ó ń fi ẹnu ara ẹ̀ pa á. Kò lè lọ síbi ayẹyẹ kó múra, wọ́n á ní ta ló ń múra fún. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rí i pé bó bá rẹ́rìn-ín nídìí ọlọ, á wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn náà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ́ kú, ó yá ju ọmọ́ nù. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dà bí ìkà létí mi, títí mo fi rí Yèyé tó ń gòkè Olósùnta, òkúta ńlá tí wọ́n ń bọ ní Ìkẹ́rẹ́, lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣọdún. Ẹ̀jẹ́ tó máa ń jẹ́ kò yí padà: bí wọ́n bá bá òun dá a padà, òun á mú ẹran wá. Àwọn obìnrin tí òkúta gbọ́ tiwọn ń mú ọmọ wá dúpẹ́, òun ń padà sílé pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ ọdún tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ sọ ti bàbá Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lójúde wa. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn Ìgbò ní ìpakúpa ní Òkè Ọya ní 1966, àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sílé. Ó fún bàbá mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Lẹ́yìn ogun ló tó padà dé, a ò kọ́kọ́ dá a mọ̀ torí bó ṣe rù. Bàbá mi fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹrù ẹ̀ wà níbẹ̀, eruku ló bò ó. Ó sọ fún bàbá mi pé owó yòówù kí èèyàn ti ní ní báńkì kí ogun tó dé, pọ́ùn 20 ni wọ́n kà lé òun àti àwọn ará òun lọ́wọ́. Ó sọ ti ebi. Ìjọba ti dí ojú ọ̀nà oúnjẹ. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan tí ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n kú níhà ọ̀hún, ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ tiẹ̀ méjì ti lọ. Wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé ẹ̀kẹta lọ sí Gabon pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun, òun náà ń dúró kí wọ́n dá a padà.

Yèyé ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dákẹ́, Yèyé bi í bóyá ó rí ọmọ òun lọ́hùn-ún. Bàbá mi ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́." Ọkùnrin náà ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní: "Màmá, à ń sá fún ṣọ́jà ni. A kì í wo ojú wọn." Yèyé mi orí. Ó wọlé lọ gbé iṣu wá fún un. Bí mo bá rí àwọn tó ń pariwo ogun lórí Facebook lónìí, tí wọ́n ń sọ pé kí oníkálukú ya sọ́tọ̀, kí ìbọn sọ̀rọ̀, ọkùnrin yẹn àti Yèyé ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń pariwo yẹn kò tíì bá ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà. (Wọ́n dá àwọn ọmọ Gabon padà nígbà tó yá, ọmọ ẹ̀ wà lára wọn. Mo dúpẹ́ pé mo rí ìyẹn sọ.)

Ọ̀rọ̀ owó ló wá fọ́ ilé wa. Àwọn ológun kọ̀wé ní nǹkan bí 1974 pé owó ṣọ́jà wà nílẹ̀, kí ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà ní fọ́ọ̀mù wá gbà á. Orúkọ bàbá mi ni Bọ̀ọ̀dá kọ. Ó ti níyàwó nígbà tó kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n ló fi ń wo ilé. Kí wọ́n tó lè san owó náà, bàbá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé àbúrò òun ti kú. Ó gbé bébà náà sílé fún ọjọ́ púpọ̀, kò fọwọ́ sí i. Òrùlé ń jò, owó ilé-ìwé wa wà nílẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ sí i, òun ti di ẹni tó pa á lójú ìyá wọn nìyẹn. Ó fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn. Ó pín owó náà: ó fi díẹ̀ kan páànù sí yàrá tí Bọ̀ọ̀dá kọ́ sílẹ̀, ó fún Ìyàwó Ṣọ́jà ní díẹ̀, díẹ̀ gan-an ni, mi ò ní í purọ́, nítorí pé kò bímọ. Ó gbé ti Yèyé fún un. Yèyé ní òun ò ta ọmọ. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ tí bàbá mi bá rà mọ́. Ohun tí àwa ọmọ bá gbé wá láti oko nìkan ló ń jẹ.

Ìyá tó bí ìyá mi gbọ́, ó wá bá wọn dá sí i. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni, ìlú Fábùnmi tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀ lábẹ́ Ògèdèǹgbé, tí wọ́n sì wà nínú ibùdó ogun títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ìwé ìtàn kún fún Ògèdèǹgbé àti Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Èmi ò gbọ́ kí ìyá àgbà yìí dárúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá tirẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ọmọbìnrin tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kó lọ kí Èkìtì tó para pọ̀ rárá. Lẹ́yìn tí ọ̀nà là ní àwọn ọdún 1890, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn kan ti di onígbàgbọ́, àwọn ló sì bá ìsìn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì. Ọmọbìnrin ilé wọn kò sí lára wọn. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n fi ìpín tiẹ̀ sílẹ̀, wọn ò dá a, wọn ò tà á. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí wọ́n mú un lọ, ọkùnrin kan dé láti ọ̀nà Ìbàdàn. Kò mọ ẹnìkan. Ó dúró níwájú ilé, ó ń ki oríkì ilé náà bí ìyá àgbà ẹ̀ ṣe kì í fún un, àwọn gbólóhùn mìíràn ti wọ́, àmọ́ àwọn àgbà gbọ́ ọ. Wọ́n bi í ní èèwọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mú un lọ sórí ilẹ̀ náà. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó rí i.

Torí náà, ìyá àgbà wá sọ fún bàbá mi pé ohun tó fi ṣẹ Yèyé ni pé ó pín in tán. Ó ní kó fi nǹkan sílẹ̀. Bàbá mi ní kí lòun ṣẹ́kù tí òun fẹ́ fi sílẹ̀, òun ti náwó. Wọ́n wá pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í gbé yàrá tó kan páànù sí náà. Yèyé gba ìyẹn. Àwa ọmọ bíi mélòó kan ń sùn lórí ẹní kan, yàrá odidi wà nílẹ̀ tí a tì pa.

Ìyàwó Ṣọ́jà lọ ní 1976. Ó lọ fẹ́ dírẹ́bà kan ní Ìjerò. Yèyé sunkún ju bó ṣe sunkún nígbà tí bàbá mi fọwọ́ sí bébà lọ, ó ní obìnrin náà ti pa á pátápátá. Èmi ò bá wọn bú u. Nígbà tí mo di tíṣà, mo bá a pàdé lọ́jà Ìjerò, ó ń ta gàrí, ọmọ kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó bi mí bóyá àwọn ológun padà dáhùn lẹ́tà. Mo ní wọ́n ní a ò fi nọ́ńbà sí i. Ó gbé kóńgò sílẹ̀, ó ka nọ́ńbà náà sí mi létí láti orí, kò kọsẹ̀ níbì kan, ó wá ṣí gàrí lé e fún mi. N kò bi í ìdí tí kò fi fún Yèyé nígbà náà. Mo mọ̀ ọ́n.

Adó ní pápá Fájuyì, ó sì tọ́. Ọmọ Adó ni Adekunle Fajuyi, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò ẹ̀, Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966. Ṣùgbọ́n mo ti rìn yí Ìkẹ́rẹ́ ká, n kò rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn télọ̀ sí. Kì í ṣe ère ni mo ní kí wọ́n gbẹ́. Kí àkọsílẹ̀ wà ni, tí ìyá lè lọ kàn sí, tí ẹnìkan lè sọ fún un ní èdè tó gbọ́ pé ibi tí a bá a dé rèé, ibi tí a ti pàdánù ẹ̀ rèé.

Ọmọkùnrin àbúrò mi obìnrin wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì gbé e lọ sí Borno, níbi tí ogun Boko Haram ti ń jà láti 2009. Fóònù wà báyìí, lẹ́tà ti di nǹkan àtijọ́, ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún ọjọ́ díẹ̀, ojú àbúrò mi á dà bíi ti Yèyé. Kí ọmọ náà tó lọ, mo pè é jókòó. N kò gbàdúrà gígùn fún un, àwọn mìíràn ti ṣe ìyẹn. Mo bi í pé ta ló kọ sí fọ́ọ̀mù. Ó ní ìyá òun. Mo ní ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ó ní ìgbà tí òun kọ ọ́, òun ò tíì gbéyàwó. Mo ní kó lọ tún un kọ, kó sì kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí bébà méjì, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ìyàwó, lójú àwọn méjèèjì.

Àbúrò mi bínú sí mi. Ó ní ṣé èmi ni mo bí i ni, ó ní mo ń fi ẹnu mi pe ohun tí a ò pè. N kò bá a jà, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Nígbà tí ọmọ náà wálé ní Kérésì, ó ti kọ orúkọ méjèèjì. Ìyá ẹ̀ wá bá mi ní kọ́ọ̀rọ̀ pé èló ló máa kan òun nínú ẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká mọ iye ẹ̀ láéláé.